Thermocouple tó bá onírúurú ẹ̀rọ amúlégbóná mu: ta ló yẹ kó rà á?

Ojúlówó ni thermocouple yìí, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ń mọ̀ bóyá iná ń jó nínú ẹ̀rọ gáàsì, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń rà á ni kò nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní pilot, ìyẹn iná kékeré tó ń jó tọ̀sán-tòru, nìkan ló wà fún. Àmì tí ẹ máa rí bó bá ti bà jẹ́ ni pé pilot á tàn nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ọ̀bù fáàfù tó ń ṣí gáàsì tó sì ń tì í mọ́lẹ̀, á sì kú bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ooru pilot ni thermocouple ń sọ di iná mànàmáná díẹ̀, bíi mìlífóòtì 25 sí 30, òun ni mágínẹ́ẹ̀tì inú fáàfù fi ń ṣí ọ̀nà gáàsì sílẹ̀. Bí agbára yẹn bá já wálẹ̀, fáàfù á pa ọ̀nà dé. Ààbò yín nìyẹn, ẹ má fi ọgbọ́nkọ́gbọ́n dì í mọ́lẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó. Ẹ tú ìdí rẹ̀ kúrò lára fáàfù, ẹ fi ẹnu kan lára mítà tó ń wọn iná mànàmáná kan ara bàbà rẹ̀, èkejì kan ṣóńṣó ìdí rẹ̀, kí ẹnìkan tẹ nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí pilot máa jó. Bí kò bá tó mìlífóòtì 20, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá fún yín ní 28 tí pilot ṣì ń kú, fáàfù gan-an ni ká fura sí. Ẹ wo iná pilot náà pẹ̀lú: búlúù ló yẹ kó jẹ́, kó sì bo orí thermocouple tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá pọ́n, tó sì rọ, ihò pilot ló ti dọ̀tí; thermocouple tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Kílíìpù oríṣiríṣi tó bá a wá wúlò gan-an. Ẹ ra èyí tó gùn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ẹ ká ìyókù ní òbìrí ńlá, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń bà á jẹ́: ọwọ́ ni ká fi yí i títí yóò fi dúró, kí sípánà wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí kún un. Ẹ ti gáàsì pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ rẹ̀. Bí òórùn gáàsì bá wà, ẹ má ṣáná rárá, ẹ jáde, kí ẹ tó pe àwọn tó ń bójú tó gáàsì.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní pilot, tó ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó sì ń kú, ẹ má rà á. Flame sensor, ìyẹn ọ̀pá tó ń mọ̀ bóyá iná ti tàn, ló ṣeé ṣe kó dọ̀tí. Ẹ pa iná mànàmáná, ẹ tú ìdè kan ṣoṣo tó mú un, kí ẹ fi irun irin wẹ́wẹ́ nù ún.