Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tí ẹjẹ́ńsì fi hàn yín lórí fídíò kọ́ ló máa wá tọ́jú màmá yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ẹni tó máa wá gbé pẹ̀lú bàbá tàbí màmá yín nílé láti máa tọ́jú wọn, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Gbájúẹ̀ kan wà tí wọ́n ń ṣe báyìí, ó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé, mo sì ti bá àwọn míì tó kó sí i sọ̀rọ̀, bí tiwọn ṣe rí náà ni tiwa ṣe rí, àfi bí ẹni pé wọ́n kà á látinú ìwé kan náà. Mi ò ní dárúkọ ẹjẹ́ńsì náà, torí ẹjọ́ ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ, àti pé tí mo bá dárúkọ yìí lónìí, orúkọ míì ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ lọ́la. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Wọ́n á fi obìnrin kan hàn yín lórí fídíò kọ́ọ̀lù. Obìnrin yẹn já fáfá, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ohùn ẹ̀ tutù. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, á ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ bi í ohun tó máa ṣe tí arúgbó bá kọ̀ láti jẹun, ó mọ ìyẹn náà. Ọkàn yín á balẹ̀ pé Ọlọ́run ti bá yín ṣe é. Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ pa fóònù tí ọ̀gá ẹjẹ́ńsì á pe yín padà, á ní àwọn mọ́lẹ́bí míì ló ń wá obìnrin yìí lójú méjèèjì o, pé tẹ́ ẹ ò bá san owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó oṣù àkọ́kọ́ lónìí, àwọn máa yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tí màmá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, tí dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ dá wà mọ́, tí ibi iṣẹ́ ẹ̀ sì ti ń bi í ìgbà wo ló fẹ́ padà, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Á sanwó. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ bi yín bóyá arúgbó náà ti délé àbí ó ṣì wà ní ọsibítù.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí obìnrin yẹn dé, ẹlòmíì lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹjẹ́ńsì á ní ara ẹni àkọ́kọ́ ò yá, tàbí ẹnì kan kú nílé wọn, pé èyí tí àwọn fi ránṣẹ́ gan-an tún mọṣẹ́ jù ú lọ. Ẹ ti to yàrá sílẹ̀ dè é, ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ti padà síbi iṣẹ́ oníkálukú torí wọ́n gbà pé olùtọ́jú ti dé, ta ló wá fẹ́ lé ẹni tó gbé báàgì dúró lẹ́nu ọ̀nà padà? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú gbogbo wa.

Ọmọbìnrin tó wá sílé wa mú fáìlì kan dání, orúkọ, fọ́tò, sátífíkéètì, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ pé. Àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ fura. Ó wà níbi tó ti ń fọ abọ́, ó pe ọmọ yẹn ní orúkọ tó wà nínú fáìlì, kò dá a lóhùn, ó tún un pè, ó kàn ń wo iwájú ẹ̀ ni, ìgbà tí àbúrò mi fọwọ́ kàn án léjìká ló tó yíjú. Èèyàn lè máà gbọ́rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tá a wo káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ nínú oòrùn, etí fọ́tò yẹn ti ń ṣí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fọ́tò míì ni.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó. Màmá mi tí wọ́n máa ń bá gbogbo ayé ṣàwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láti àárọ̀ dalẹ́, àgbọ̀n wọn á wà láyà, omi tí wọ́n gbé síwájú wọn láàárọ̀ á wà bó ṣe wà. Tá a bá pè láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ní màmá ti sùn, ara wọn le. Nígbà tá a wá yẹ yàrá wò, oògùn ọ̀finkìn la rí, irú èyí tó máa ń kun èèyàn lóorun, ọmọ yẹn ń fún wọn kí òun náà lè ráyè sùn. Ẹ̀yin èèyàn, irú oògùn yẹn ò dáa fún arúgbó rárá, ó máa ń da orí wọn rú, ó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ há wọn, ó sì máa ń mú kí wọ́n ṣubú tí wọ́n bá dìde lóru. Ẹni tí iyè ẹ̀ ti ń ra tẹ́lẹ̀ ló tún máa ń ṣe jù. Ó tún ń lọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́ oúnjẹ torí wọn kì í tètè gbé e mì, kò sì mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń lò yẹn, ṣe ni wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, téèyàn bá lọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ débi tí wọ́n á dá kú.

Egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi egungun ìdí wọn pẹ̀lú. Èyí ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá ń jókòó tàbí sùn sójú kan, ẹ máa wo ìdí ẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀, egungun ìbàdí, èjìká. Wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa wo ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, kì í sábà pọ́n, ṣe lẹ máa rí i tó dúdú ju ara tó kù lọ, tàbí kó gbóná, tàbí kó le, tàbí kó rọ̀ ṣìkọ̀ṣìkọ̀ lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ má dúró dìgbà tó bá ya. Nọ́ọ̀sì tó wá wo tiwa ní ká máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní bíi wákàtí méjì-méjì, àti pé a ò gbọdọ̀ máa fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, nǹkan témi gan-an rò tẹ́lẹ̀ pé ó ń ṣèrànwọ́ ni.

Nígbà tá a jókòó ti ọmọ yẹn, ó bú sẹ́kún. Kò tọ́jú arúgbó rí láyé ẹ̀. Àwọn ẹjẹ́ńsì ló gba ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀ gangan pa mọ́, wọ́n fún un ní ti ẹlòmíì, owó tá à ń san, díẹ̀ ló ń dọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé tó bá fi lè sá, àwọn á fọlọ́pàá mú un. Ó ní obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò yẹn, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan niṣẹ́ ẹ̀, kì í dé ilé ẹnikẹ́ni. Inú bí mi sí i gan-an torí màmá mi, mi ò ní parọ́, àmọ́ àwọn tó mú ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, tí wọ́n tì í sínú ilé pẹ̀lú aláìsàn, àwọn gan-an lọ̀daràn.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Ẹjẹ́ńsì tó bá sọ fún yín pé ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú màmá yín tọ̀sán tòru, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Èèyàn ni olùtọ́jú, ó gbọ́dọ̀ sùn, ó gbọ́dọ̀ ní yàrá tiẹ̀, àkókò ìsinmi lọ́sàn-án àti ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́. Tí màmá yín bá ń jí léraléra lóru, ẹ máa nílò ẹlòmíì tó máa ṣọ́ òru. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé wọn sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ èèyàn méjì sábà máa ń ni. Ẹjẹ́ńsì tó mọṣẹ́ á bi yín nípa gbogbo ìyẹn kó tó dárúkọ owó, á fẹ́ wá wo ilé àti màmá fúnra ẹ̀. Tiwa ò bi wá ní nǹkan kan ju ìgbà tá a máa sanwó lọ.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣàròyé ni wọ́n á tún gba owó kejì. Wọ́n á ní kò burú, àwọn á fi ẹlòmíì rọ́pò, àmọ́ owó ìpààrọ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n dá owó yín padà, wọ́n á fi ibi kan hàn yín nínú àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀, pé ṣe ni àwọn kàn mú kí ẹ̀yin àti olùtọ́jú mọ ara yín, pé ẹ̀yin lọ̀gá ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹjẹ́ńsì èyíkéyìí: ta lọ̀gá olùtọ́jú yìí lójú òfin? Àwọn ẹjẹ́ńsì kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló ń san owó oṣù ẹ̀, àwọn ló máa wá ẹlòmíì tó bá ń ṣàìsàn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń bá yín wá èèyàn ni, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di tiyín, tó bá fẹ̀yìn ṣèṣe níbi tó ti ń gbé màmá, ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yin àtiẹ̀ nìyẹn. Méjèèjì ló wà lóòótọ́, kò sí jìbìtì níbẹ̀ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ síta. Ẹni tó ń gbowó ti àkọ́kọ́, tó wá ń ṣe bíi ti èkejì nígbà tí wàhálà dé, òun ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ẹ má sanwó kí ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ gan-an tó dé iwájú yín, kó mú ìwé ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ fi wé ojú ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sínú àdéhùn pé tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló wá, ẹ ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé níbi tẹ́ ẹ wà ìjọba ń fún irú iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ, ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé ni kẹ́ ẹ ti bèèrè, kì í ṣe ìwé tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fi wá a lórí Google, a rí ojú obìnrin tiwa yẹn níbòmíì pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀. Onídùúró àti àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́, ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ó dáa, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ní. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣe arúgbó tó tọ́jú, ṣé ó ń dá rìn, ta ló ń fún un lóògùn, kí ló dé tó fi kúrò. Ẹni tí wọ́n háyà láti parọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹnu wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó wá lo ọjọ́ kan pẹ̀lú yín nílé, ẹ sanwó ọjọ́ yẹn fún un, kẹ́ ẹ máa wò ó. Èmi, ohun tí mo máa ń wò báyìí ni bóyá màmá ló ń bá sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ gbé wọn dìde, àbí èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ fún wọn pé, "Mà, a fẹ́ dìde báyìí o, ẹ gbé ọwọ́ yín síbí," kó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Káàdì báńkì, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹ̀, ìwé ilé, ẹ má jẹ́ kó wà níbi tó lè rí i, bó ti wù kó dáa tó. Oògùn, ẹ máa ka iye tó kù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ìgbà tó bá fún wọn. Ẹ máa yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí àkókò ẹ̀ máa yàtọ̀, kẹ́ ẹ dá wà pẹ̀lú òbí yín díẹ̀. Ẹni tí iyè ẹ̀ ti ra lè máà lè rò ó, àmọ́ tó bá ń dákẹ́ lójijì bí olùtọ́jú bá ti wọlé, tàbí tó ń sún sẹ́yìn tó bá nawọ́ sí i, ẹ má fojú fò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn 6 tó ti tó ọmọ ọdún 60 sókè, bí ẹnì 1 ló ń rí ìyà tàbí ìfìyàjẹni kan láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́, torí ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n náà ló ń fún wọn lóúnjẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sanwó fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ pe báńkì yín lónìí kí wọ́n tó kó owó yẹn kúrò, ẹ tọ́jú gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì, rísíìtì àti fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ má sì kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ wọn, torí wọ́n á pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fura pé wọ́n ti ń fún òbí yín lóògùn tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ mú páálí oògùn náà dání, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá.