Eré Wà Níbẹ̀, Adùn Ni Kò Sí: Ọkọ̀ Eléré Tuntun Tí Mo Rà

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọkọ̀ yìí kò bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sì tíì dá mi dúró sójú ọ̀nà rí. Ẹni tó bá ń wá àròyé ọkọ̀ tó ń jo epo tàbí tó ń rú èéfín kò ní bá a níbí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo kó owó tó tó kọ́ ilé n'Ìbàdàn lé ọkọ̀ lórí, ọkọ̀ náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó rẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá wà á délé, n kì í fẹ́ wà á jáde mọ́.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo wà wò kí n tó rà á ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, ìjókòó mẹ́rin (ọ̀rọ̀ ìjókòó méjì ẹ̀yìn ń bọ̀), sílíńdà mẹ́fà, túbò méjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì), agbára ẹṣin tó lé ní 500. Jíà mẹ́jọ, otomátíìkì. Láti orí ìdúró dé máìlì 60 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kì í pé. London ni mo ń gbé, lápá Kent.

Eré ni wọ́n fi ń ta irú ọkọ̀ yìí, nítorí náà eré ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ìparí ọdún 1965 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ti fi òfin máìlì 70 sórí ọ̀nà márosẹ̀, òfin ọ̀hún náà la ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Ọkọ̀ mi lè sá dé 155 kí kọ̀ǹpútà tó dá a lẹ́kun. Ìyẹn ni pé eré tí mo sanwó fún, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ pé kóòtù ni yóò gbé mi dé. Ní àdúgbò wa, máìlì 20 ni òfin, bọ́ǹpù sì wà lójú títì lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ yìí le nídìí, gbogbo bọ́ǹpù ló ń kà sí mi léegun ẹ̀yìn.

Mo ní kí n má fi London dá a lẹ́jọ́. Mo gbé e lọ sí Wales, sí ọ̀nà A4069 tó gba orí Black Mountain kọjá láti Llangadog lọ sí Brynamman. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ mọ ọ̀nà yìí bí ẹní mowó: kọ́nà lé kọ́nà, òkè gíga, kò sí igi tó dí ojú, èèyàn á sì ti rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ló ti hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ náà ju ti kámẹ́rà tó ń ká èèyàn mọ́ eré lọ. Máìlì 60 ni òfin gbà níbẹ̀. Mo jáde nínú kọ́nà kan, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí mi lọ gbá ìjókòó. Kí n tó mí kanlẹ̀, aago eré ti ń fi 60 hàn, jíà kejì ò sì tíì parí. Jíà mẹ́fà tó kù wà níbẹ̀, wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ó tán nìyẹn. Lẹ́yìn kọ́nà tó tẹ̀ lé e, àgùntàn dùbúlẹ̀ sójú títì, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, wọn ò sì ṣetán láti dìde fún olówó kankan.

Inú kọ́nà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wọ́ ilẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín agbára fún wọn. Eré tí òfin gbà kò tó ohun tí ọkọ̀ náà máa kà sí iṣẹ́ rárá. Ibi tí mo bá yí sítíárìn sí ló ń lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n sítíárìn ọ̀hún kì í sọ ohunkóhun fún ọwọ́ mi nípa ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀. Ó dà bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ jẹ àmàlà.

Mazda MX-5 àlòkù, ọkọ̀ eléré kékeré oníjókòó méjì, ni mo ń wà tẹ́lẹ̀. Agbára ẹṣin rẹ̀ ò pé 150, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju kìlógírámù 1,000 lọ. Tuntun yìí lé ní 1,700. Ní máìlì 45 péré, MX-5 yẹn á ti fún mi níṣẹ́ ṣe. Èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi yan jíà, ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí kilọ́ọ̀ṣì ti ń mú, bí mo bá sì wọ kọ́nà ní ìwọ̀n eré tí kò yẹ, ìdí mi ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú mi tó rí i. Bí mo bá ṣe é dáadáa, inú mi á dùn títí dé ilé. Tuntun yìí kì í jẹ́ kí n ṣe àṣìṣe. Kò sì jẹ́ kí n ṣe ohun kan tó dáa tí mo lè pè ní tèmi. Ẹni tó gbọ́n ju mí lọ ti ṣe gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó jókòó.

Ohùn rẹ̀ ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. Ní ibùdó ìtajà, nígbà tí wọ́n tan án, irun ara mi dìde. Ohùn tó kún, tó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ó wá di ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ lórí ọ̀nà A20, mo fi kún eré, ohùn ẹ́ńjìnnì bá dín kù. Mo gbé gíláàsì sókè, ohùn tún kún padà. Ó sì yẹ kó jẹ́ pé bí gíláàsì bá wà nílẹ̀ gan-an ni kéèyàn gbọ́ ọ jù! Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Àṣé sípíkà inú ọkọ̀ ló ń pariwo fún mi. Mo dúró síbi tí wọ́n ti ń ta epo, mo tú inú síkíríìnì kiri títí mo fi rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Nígbà tí mo pa á, ariwo táyà ló kù, àti ohùn ẹ́ńjìnnì kan tó ń ti òkèèrè wá, tí kò lágbára kankan. Ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé rẹ́díò lẹ lọ rà ni?"

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ọwọ́ òfin wà nínú rẹ̀. Òfin Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014 ń dín ariwo ọkọ̀ tuntun kù ní ìpele-ìpele, àti ní nǹkan bí ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ki asẹ́ kan sí ojú ọ̀nà èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù, kó lè máa gba ẹ̀tù dúdú tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Sàlẹ́ńsà kò wá lè ké bíi ti àtijọ́. Mo lọ́mọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ tàn mí, kò sì sẹ́ni tó là á yé mi kí n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ariwo tó jẹ́ òótọ́ nínú ọkọ̀ náà, ìkìlọ̀ ni. Láti oṣù keje ọdún 2024, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ bí èèyàn bá sáré ju òfin lọ. Òfin yẹn ò dé England, ọkọ̀ tó ní in ni wọ́n kàn ń kó wá fún wa. Kámẹ́rà iwájú ló ń ka àmì ẹ̀gbẹ́ títì. Bí mo bá wà lórí M25, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí London ká, á ka àmì 40 tó wà fún àwọn tó ń yà jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í han mọ́ mi létí bíi pé mo pa èèyàn. Mo lè pa á, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa ẹ́ńjìnnì tí mo tún tan án, ó ti padà dé.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ torí ó ń run mí nínú. Owó orí ọkọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, £4,680, nítorí èéfín kábọ́ọ̀nù (CO2) rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 226 sí 255 ní kìlómítà kan, ní iye tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìwé ọdún 2025 kan náà, £195 lọ́dún, pẹ̀lú £425 lórí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún torí pé ọkọ̀ náà ju £40,000 lọ. Ìpele 50 ni ìnṣọ́ránsì rẹ̀ wà, kò sì sí ìpele tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo olówó gọbọi ló ń mu. Táyà ìgbà ooru ló gbé wá, bí òtútù bá sì ti wọ ìsàlẹ̀ digirí 7, rọ́bà rẹ̀ á le gbagidi, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ gbá ilẹ̀ mú mọ́, mélòó sì ni ọjọ́ tó gbóná ní London? Kò sí táyà àfipamọ́. Agolo oje kan ni wọ́n fi sí búùtù, pé kí n fín in sínú táyà tó bá jò.

Ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn ìbejì mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúnkún wọn ti ń gún mi lẹ́yìn. Òde àríyá nìkan ni ọkọ̀ yìí ti ń ṣe gudugudu méje. Bí mo bá gbé e dé òde ìnáwó ní Old Kent Road, àwọn ọmọ á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, àwọn àǹtí oníaṣọ ẹbí á fara tì í ya fọ́tò, ọ̀gá onígángan á sì wá kí mi ní oríkì tí bàbá mi gan-an ò mọ̀. Owó tí mo ti ná fún onílù látìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Mo ti béèrè bóyá mo lè dá a padà. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún ẹni tó ra ọjà alábùkù ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀ pé. Alábùkù ni òfin wí o. Tèmi ò lábùkù. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó bu omi fún mi mu, ó wá ní ó mọ ohun tó ń ṣe mí: agbára rẹ̀ ló kéré, kí n fi owó kún un gba èyí tó tún yára ju èyí lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Ẹni tó bá máa ń lọ sí pápá eré ọkọ̀ bíi Brands Hatch ní Kent lè rí ìlò gidi fún un, níbi tí kò ti sí àgùntàn tí kò sì sí kámẹ́rà. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ ka ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ dáadáa, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í bo jàǹbá orí pápá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ti dé, kó rà á, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa wa ọkọ̀ ní tòótọ́, kó fi owó ara rẹ̀ pamọ́.

Fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe é, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún adùn wíwa ọkọ̀, méjì. Mo ti pinnu pé mo máa tà á ní ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá wá wò ó, màá bá a pa sípíkà yẹn kó tó tan ẹ́ńjìnnì.