Blue Line láti Mile 2 dé Marina: ọkọ̀ dára, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ wà

Blue Line, ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó, dára. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, torí ohun tí mo máa rojọ́ lé lórí nísàlẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀. Festac ni mò ń gbé, Broad Street ni iṣẹ́ mi wà, ọ̀nà Mile 2 sí Marina sì ni ọ̀nà ìjẹ mi. Láti ìgbà tí Blue Line ti ń gbé èrò ni mo ti ń wọ̀ ọ́, àfi ọjọ́ tí ẹrù bá pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ Mile 2 mọ ohun tí mò ń sọ. Tírélà tó ń wá ọ̀nà wọ èbúté Àpápá á dí ẹ̀gbẹ́ kan, danfo á máa du èrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kọ́ńdọ́ á máa pariwo “CMS, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” (CMS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marina níbẹ̀.) Kí òjò ṣáà ti ṣú, owó ọkọ̀ ti gun òkè nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ẹ ṣì máa lọ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí Eko Bridge, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Ní ti Blue Line, bí òjò rọ̀, bí òjò ò rọ̀, ìrìn náà kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo lè fi aago kan dá ọ̀gá mi lójú báyìí.

Káàdì Cowry ni ẹ ó fi wọlé, èyí kan náà tí à ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ẹ gbé e lé ojú ẹ̀rọ lẹ́nu géètì, á dún pí, géètì á là. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, náírà 750 ni owó ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ìjọba sì gé e sí ìdajì, ó di 375. Ẹ̀ńjìnnì dísù ló ń fa ọkọ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé e sórí iná mànàmáná, ariwo sì relé.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni lẹ́yìn ibùdókọ̀ Tíátà (National Theatre), tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Marina. Ojú irin á gun orí afárá tirẹ̀, ọ̀sà á ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ní Àpápá lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ẹ ó máa wo àwọn ẹlòmíì lórí Eko Bridge tí wọ́n ń làágùn nínú danfo. Mi ò ní purọ́, ìyẹn máa ń dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ó wá kan ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló wà: Mile 2, Sùúrù-Alábà, Orílé Ìgànmú, Tíátà àti Marina. Kìlómítà 13 nìyẹn, nínú 27 tí wọ́n ṣètò títí dé Òkòkòmáìkò. Ṣùgbọ́n níbo ni èrò ti ń wá? Ọ̀jọ́, Ìyànà Ìbà, Òkòkòmáìkò, Àgbárá, títí dé Àgbádárìgì. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn Mile 2 gan-an ni ọ̀pọ̀ èrò ń gbé. Ẹni tó ti jókòó sínú danfo láti Ìyànà Ìbà, tí danfo náà sì ń lọ sí CMS tààrà, kí ló máa mú un sọ̀ ní Mile 2, kó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, kó tún sanwó lẹ́ẹ̀kejì? Àwọn tó ń ṣètò ojú irin máa ń ka ìṣẹ́jú láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé orí àga ọ́fíìsì ni èrò ń kà á.

Mo gba fún wọn pé iṣẹ́ apá kejì, láti Mile 2 dé Òkòkòmáìkò, kì í ṣe kékeré, owó ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú irin l'Ékòó ti pẹ́ jù. Ọdún 1983 ni Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ ètò ojú irin tirẹ̀, Metroline. Ìjọba ológun Buhari wọ́gi lé e ní 1985, owó tó lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là sì wọgbó. Buhari yẹn kan náà, tó ti di ààrẹ, ló wá ṣí Blue Line ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ̀yin ẹ wo ayé!

Ẹ̀gbọ́n mi ní Agége máa ń bi mí pé ṣé Red Line, ojú irin kejì tó gba ọ̀dọ̀ tiwọn, ò lè gbé òun dé Marina. Kò tíì lè ṣe é. Láti Àgbàdó ló ti ń bọ̀, Ọ̀yìngbò ló sì ń parí sí. Nínú ètò àkọ́kọ́, ó yẹ kó dé Marina, kí méjèèjì pàdé, àmọ́ bọ́ọ̀sì ló ń so wọ́n pọ̀ báyìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ Ìbàdàn jọ ń lò, ìdí nìyẹn tí kò fi lè máa rọ́ wá léraléra bíi ti Blue Line. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni àwọn afárá mọ́tò tí wọ́n ṣe sí Ìkẹjà, Múṣin, Yábàá àti Ọ̀yìngbò, kí ojú irin àti títì má baà máa pàdé mọ́.

Tí wọ́n bá bi mí ní èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí Òkòkòmáìkò tó parí, bọ́ọ̀sì ni màá mú. Kó máa dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn Mile 2, kó máa lọ sí Ọ̀jọ́ àti Ìyànà Ìbà, kí owó rẹ̀ àti ti ojú irin sì jẹ́ ẹyọ kan lórí Cowry: ẹni tó bá ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ tún sanwó odindi. Irú rẹ̀ ní Marina fún àwọn tó ń lọ sí Lẹ́kkí, torí Green Line, ojú irin tí wọ́n ṣètò fún ọ̀nà tiwọn, ṣì wà lórí ìwé.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín wà ní CMS, Broad Street, Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, ẹ lọ gba káàdì lọ́la, ẹ sì fi owó sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ìlà máa ń gùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Àjáh, ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó bọ́ọ̀sì Marina mọ́ ọn ná.