Ológbò "idẹ" tí mo rà ní Khan el-Khalili

Ère ológbò Bastet, òrìṣà obìnrin àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, láti ìgbà tí mo ti rí èyí tí wọ́n ń pè ní Gayer-Anderson ní Lọ́ńdọ̀nù: yẹtí wúrà létí, òrùka wúrà nímú, àwòrán yímíyímí lágbárí. Mo dé Káírò, mo yà sí ìsọ̀ kan ní ọjà Khan el-Khalili. Ọlọ́jà búra pé idẹ gidi ni tòun. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Ó yẹ kí n ti fura, àmọ́ ojú ológbò náà ti mú mi.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha ìdí rẹ̀. Funfun báláú! Ike tí wọ́n kùn lọ́dà ni.

Àwọn àgbẹ̀dẹ Íjíbítì àtijọ́ ò ṣe é báyìí o. Ìda oyin ni wọ́n fi ń mọ ère, wọn á fi amọ̀ bò ó, wọn á fi iná yọ́ ìda náà dànù, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé òkú ológbò tí wọ́n ti fi aṣọ dì sínú àwọn ère tó ṣófo nínú, kí wọ́n tó fi ta Bastet lọ́rẹ.

Ère kékeré Apis, akọ màlúù mímọ́ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, tí mo rà kún un ló tù mí nínú díẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́, àwo oòrùn orí rẹ̀ sì jókòó dáadáa láàrin ìwo méjèèjì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tíì tí ọlọ́jà fi ṣe mí lálejò dùn ṣá.