Latanoprost, oògùn kíkán fún glaucoma: ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan oògùn yìí jù ni pé ojú kò mọ́lẹ̀ sí i. Kò lè mọ́lẹ̀ sí i. Ìfúnpá inú ojú, èyí tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́ nínú àìsàn glaucoma, ló ń mú wálẹ̀. Iṣan náà tó ti bàjẹ́ kò ní padà. Ẹni tó bá pa á tì torí pé nǹkan kan ò dun òun, ìfúnpá á tún gòkè, láìsí ìrora rárá.

Ìgò mílílítà 2.5 náà kéré lójú, àmọ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo lálaalẹ́ ti tó. Ẹ̀kán kejì á kàn ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni lílò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹ kán an síbẹ̀, ẹ dijú, kí ẹ fìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ojú o, ìdọ̀tí á wọ̀ ọ́.

Ojú lè pọ́n díẹ̀, irun ìpéǹpéjú a sì máa gùn (àwọn kan fẹ́ràn ìyẹn). Ẹyinjú tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lè dúdú sí i, kò sì ní padà.