Jọ́nà Ọ̀fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Máa Dá A Gbé ni, àbí Ẹ Máa Jọ Gbé E?

Ẹ̀yin olóòtú tó fẹ́ kí gbogbo ayé máa ka jọ́nà yín (ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí) lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè dá tiyín gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. OJS (Open Journal Systems), ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé jọ́nà jáde, tí Public Knowledge Project ní Kánádà ṣe, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó, ẹ sì lè tún un ṣe bó ṣe wù yín. Àmọ́ ta ni yóò máa sanwó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí jọ́nà náà ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọọdún? Ta ni yóò máa ṣe àtúnṣe kí gbájúẹ̀ tó wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́mọdé kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù. Bó bá jápa, ó parí!

Ẹ sì lè jọ gbé e: kí jọ́nà láti yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ jọ lo sáfà kan, kí wọ́n jọ gba onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan. OJS kan ṣoṣo lè gba jọ́nà púpọ̀, kálukú pẹ̀lú olóòtú àti ojú-ewé tirẹ̀. Bí sáfà bá dákẹ́ ṣá, gbogbo wọn ló dákẹ́, àríyànjiyàn owó kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, kí ẹ jọ gbé e ni èmi máa yàn, àfi bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ti ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí owó oṣù rẹ̀ dájú.