Gmail, Outlook, Thunderbird àti MailStore: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ètò tí yóò máa kó ímeèlì àtijọ́ pamọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ètò tí yóò máa to ímeèlì rẹ̀, tí yóò sì máa kó èyí tó ti pẹ́ kúrò níwájú rẹ̀, iye owó ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú ti owó: bí ètò náà bá ti kó lẹ́tà pamọ́ tán, ibo gan-an ni lẹ́tà ọ̀hún wà? Ọ̀rọ̀ kan náà, archive, ni ọ̀pọ̀ wọn kọ sára bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ọ̀kan ń ṣe kì í ṣe ti èkejì. Lọ́dọ̀ ẹnì kan, lẹ́tà kò kúrò níbi tó wà, wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ti bọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé àpótí kejì ni wọ́n gbé e lọ, èyí tí ilé iṣẹ́ yín yóò máa sanwó rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí mo ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Broad Street àti ní Apápá sábà máa ń pò mọ́ra wọn: títo lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kíkó lẹ́tà àtijọ́ kúrò níwájú, àti dídín ẹrù àpótí kù. Ètò kan lè mọ èkíní ṣe dáadáa kó má mọ ẹ̀kẹta rárá, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

Gmail

Gmail ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà ń lò, nítorí náà òun ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹni tí kò sanwó ní 15GB, Google Drive àti Google Photos sì ń jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá tẹ archive, Gmail kàn yọ àmì Inbox kúrò lára lẹ́tà náà ni. Lẹ́tà ṣì wà nínú All Mail, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì dín. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ Àìkú tẹ archive nítorí pé wọ́n kìlọ̀ fún un pé ààyè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ilẹ̀ ló gbá, kò tíì da pàǹtírí nù. Bí ààyè náà bá sì kún pátápátá, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́.

Ní ti títo lẹ́tà, mi ò rí ẹni tó ṣe é rọrùn tó o. Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì báǹkì: oníṣòwò tó ní àkáǹtì ní báǹkì mẹ́ta lè gba ogójì wọn lóòjọ́, tí lẹ́tà oníbàárà yóò sì farapamọ́ sáàárín wọn. Ẹ kọ àdírẹ́sì tí báǹkì fi ń ránṣẹ́ sínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe filter, ìyẹn ìlànà tí Gmail yóò máa fi to lẹ́tà fúnra rẹ̀, ẹ yan Skip the Inbox, ẹ ní kó lẹ àmì tí ẹ pè ní "Báǹkì" mọ́ ọn, kí ẹ sì fọwọ́ sí i pé kó kan àwọn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú inbox yóò mọ́.

Ohun tí filter yìí kò lè ṣe ni kó dúró de ọjọ́ orí lẹ́tà. Ìgbà tí lẹ́tà bá ń wọlé ló máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ kò lè sọ fún un pé kó fi lẹ́tà sílẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan kó tó gbé e kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa fúnra rẹ̀ kọ older_than:1y sínú ibi ìwádìí nígbà dé ìgbà, tàbí kó lo Google Apps Script, níbi tí kóòdù kékeré kan ti lè máa ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ní kí ẹnì kan bá yín kọ ọ́, ẹ rí i dájú pé inú àkáǹtì tiyín ló ti kọ ọ́, kì í ṣe pé ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín lé e lọ́wọ́ kó gbé e relé.

Àlẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ààyè, kódà bó bá pọ̀. PDF àti àwòrán ọjà tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà ló ń jẹ àpótí tán. Ẹ kọ larger:10M older_than:2y, ẹ ó rí àwọn ọ̀daràn náà ní ìlà. Ẹ má tíì pa wọ́n rẹ́ o: òfin ilé iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, ní kí ilé iṣẹ́ pa àkọsílẹ̀ ìṣirò owó rẹ̀ mọ́ fún ọdún 6, ọ̀pọ̀ ìwé owó sì wà nínú ímeèlì nìkan. Google Takeout yóò fún yín ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ní fáìlì mbox, irú fáìlì kan tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ lẹ́tà pọ̀ sí. Lẹ́tà tó bá ti wọ Trash, ọjọ́ 30 ló ní kó tó lọ pátápátá.

Outlook

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra Outlook, kó kọ́kọ́ sọ èwo, nítorí orúkọ kan ni wọ́n ń fi pe ohun mẹ́rin. Outlook àtijọ́ ti orí Windows ni AutoArchive wà nínú rẹ̀, òun sì ni mo rí pé ó sún mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń wá jù: bí ẹ bá tàn án, ọjọ́ 14 síra ni yóò máa ṣiṣẹ́, yóò sì máa gbé lẹ́tà inbox tó ti ju oṣù 6 lọ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ archive.pst, àfi bí ẹ bá yí ọjọ́ náà padà. Fáìlì pst òde òní lè gba 50GB. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà, fóònù yín kò ní rí i.

Outlook tuntun, èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà tuntun wá, kò ní AutoArchive. Mo ti rí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Computer Village nítorí AutoArchive yìí nìkan, tó délé tó ń wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Outlook.com ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Sweep, tó lè máa pa lẹ́tà ẹnì kan tó ti ju ọjọ́ 10 lọ rẹ́. Fún ìpolówó ọjà ó dára, fún lẹ́tà oníbàárà ẹ má dán an wò.

Ẹ̀kẹrin ni ti ilé iṣẹ́, Exchange Online, àpótí ímeèlì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Microsoft ń gba owó lé. Ìpele rẹ̀ tó ń jẹ́ Plan 1 ní àpótí 50GB, ó sì ní àpótí ìpamọ́ 50GB mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; àpótí àkọ́kọ́ ti Plan 2 tó 100GB. Bí alábòójútó bá ti ṣí àpótí ìpamọ́ náà, ìlànà tó bá a wá ni pé lẹ́tà tó ti ju ọdún 2 lọ yóò máa bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí iná wà ní ọ́fíìsì yín bí kò sí.

Ọ̀rọ̀ iná

Ọ́fíìsì kan wà ní Apápá tí wọ́n ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Èmi ni mo tò ó fún wọn kí lẹ́tà tó ti pẹ́ máa wọ inú kọ̀ǹpútà akọ̀wé: bill of lading, Form M, ìwé owó aṣọ́bodè, ọdún mẹ́rin gbáko. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan NEPA mú iná dé pẹ̀lú ipá, kọ̀ǹpútà náà sì kú. A gbé hádì dísìkì rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, díẹ̀ la rí gbà padà. Ọ̀gá wọn wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kó o pamọ́, ẹ ò sọ pé kí n kó o sí ibi méjì." Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ètò kan bá ń kó lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, mo máa ń ṣírò owó hádì dísìkì kejì mọ́ iye rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni.

Thunderbird àti MailStore

Thunderbird, ètò ímeèlì tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Filter tirẹ̀ mọ ọjọ́ orí lẹ́tà: ẹ lè yan Age in Days, ẹ kọ 365, kí ẹ sì ní kó máa ṣe é látìgbàdégbà níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní ṣíṣí. Ìkópamọ́ rẹ̀ lè pín lẹ́tà sí fódà ọdọọdún tàbí oṣooṣù, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wá lẹ́tà oṣù kẹta ọdún 2021 mọ ibi tí yóò lọ. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ lò ó: bí fódà ìkópamọ́ náà bá wà lábẹ́ àkáǹtì ímeèlì yín, orí sáfà, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní ímeèlì, ni lẹ́tà ṣì wà, ààyè kankan kò ṣí sílẹ̀. Local Folders, fódà inú kọ̀ǹpútà yín, ni kí ẹ yàn. Bí Gmail bá sì ni, ẹ padà lọ wo All Mail lẹ́yìn tí ẹ gbé lẹ́tà kúrò, torí ẹ̀dà rẹ̀ lè ṣì jókòó síbẹ̀.

MailStore Home, tí àwọn ará Jámánì ṣe fún Windows, kì í to nǹkan kan. Ẹ̀dà ló ń ṣe, láti àkáǹtì mélòó kan sínú ibì kan ṣoṣo, ìwádìí inú rẹ̀ sì yá. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra MailStore Server.

Àwọn bíi SaneBox àti Clean Email náà wà, tí ń bá ènìyàn to àpótí ímeèlì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ óò máa sanwó dọ́là fún. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn àpótí yín fún wọn. Bí orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà bá wà nínú rẹ̀, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kàn yín, ẹ̀yin ni wọn yóò bi léèrè.

Ibi tí èmi yóò ná owó mi sí

Fún ìyá oníléèsì tó ní Gmail kan ṣoṣo, mi ò ní kó ra nǹkan kan ju hádì dísìkì ìta lọ: filter fún àlẹ́ẹ̀tì, Takeout lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó tó wá pa àwọn ẹlẹ́rù rẹ́. Fún ọ́fíìsì tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń fi ímeèlì gba iṣẹ́, Exchange Online ni mo máa sanwó fún, nítorí jẹnẹrétọ̀ kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè lo Thunderbird pẹ̀lú dísìkì méjì, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí yóò máa ṣe ẹ̀dà lọ́jọ́ Ẹtì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ mú lẹ́tà kan tó ti pé ọdún méjì tó ní PDF lára, ẹ jẹ́ kí ètò náà kó o pamọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wá fi dátà fóònù yín wá lẹ́tà náà. Bí ó bá jáde, ẹ ṣí PDF rẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ ti mọ inú àpótí tí ó wà, ẹ sì lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.